Kíka Ilẹ̀ bí Ẹni Ń Ka Ìwé: Àpáàdì Ilé-Ifẹ̀ àti Àwọn Olùtumọ̀ Rẹ̀

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni a ní kó wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ àwọn awalẹ̀pìtàn, ìyẹn àwọn tó ń wú ohun àtijọ́ nínú ilẹ̀ láti fi mọ ìtàn. Iṣẹ́ tèmi kò ju ewì, ìtàn àròsọ àti ẹsẹ Ifá lọ. Ṣùgbọ́n láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn ni àwọn awalẹ̀pìtàn ti ń wá sí ìloro wa láti yá ọ̀rọ̀. Wọ́n ń sọ pé àwọn ń ka ilẹ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa àmì àti ìtumọ̀, nípa ohun tó yí ọ̀rọ̀ ká. Ní 1986, Ian Hodder, ọ̀mọ̀wé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pe ìwé rẹ̀ ní Reading the Past, èyí tí a lè pè ní Kíka Àtijọ́. Ẹni tó bá yá ẹrù lọ́wọ́ ẹni, ó yẹ kí a lè bi í léèrè ohun tó ń fi ẹrù náà ṣe.

Ọ̀rọ̀ tíọ́rì kì í dùn bí a bá ń sọ ọ́ lófuurufú. Nítorí náà, Ilé-Ifẹ̀ ni n ó fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, àpáàdì ni n ó sì dì mú jù. Gbogbo wa la mọ àpáàdì: ìkòkò tó ti fọ́, tí kò ṣe é pọnmi mọ́, tí àwọn ìyá wa fi ń fọnná láti ilé kan dé èkejì. Ní Ifẹ̀ àtijọ́, ó ní iṣẹ́ mìíràn. Wọ́n máa ń tò ó ní òòró, etí rẹ̀ sókè, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, lọ́nà tó fi dà bí egungun ẹja, títí ilẹ̀ àgbàlá yóò fi le koránkorán. Nígbà mìíràn wọ́n á to òkúta funfun kéékèèké sáàárín rẹ̀ láti fi ṣe ọnà. Ní àwọn ibòmíràn, ọrùn ìkòkò kan yóò yọ láàárín àpáàdì náà, ara ìkòkò á sì wà nínú ilẹ̀. Èédú tí a rí pẹ̀lú wọn, tí a fi ọ̀nà kábọ́ọ̀nù wá ọjọ́ orí rẹ̀, fi hàn pé púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ti sẹ́ńtúrì 12 sí 15. A ti rí irú rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ àti ní ìlú Bìní. A rí i ní ilẹ̀ Kabiyè ní Tógò. A rí i ní Daima ní agbègbè adágún Chad. Kí ni ó túmọ̀ sí? Àpáàdì kò lẹ́nu. Ẹni tó bá wú u ni yóò gbẹnu sọ fún un, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà sì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀ ní ìparí ọdún 1910. Ó walẹ̀ ní Igbó Olókun. Ó rí orí idẹ kan tí àwọn onílé ń bọ gẹ́gẹ́ bí Olókun, ó rí àwọn ère amọ̀ sísun, ó sì rí àwọn ìkòkò tí dígí aláwọ̀ oríṣiríṣi lẹ̀ mọ́ wọn nínú. Kì í ṣe afọ́jú. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ tó ga jọjọ ni òun ń wò, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó fi ṣe. Lójú rẹ̀, baba ńlá àwọn ènìyàn tí ó bá níbẹ̀ kò tó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe. Ó ní láti Atlantis ni ọ̀làjú náà ti wá, erékùṣù inú ìtàn àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ tí wọ́n ní òkun gbé mì, àti pé Olókun tiwa ni Poseidon tiwọn. Charles Partridge, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ló wá dájọ́ ọ̀rọ̀ náà ní Ifẹ̀, tí ó fi di dandan fún Frobenius láti dá orí Olókun padà. Orí padà, ìtumọ̀ kò padà: ó wà nínú ìwé rẹ̀ tó jáde láàárín 1912 sí 1913, ó sì rìn jìnnà.

Mo ní kí a dúró díẹ̀ níbí yìí, nítorí pé àwọn ènìyàn sábà máa ń rẹ́rìn-ín Frobenius tán, wọn a sì kọjá lọ. Kì í ṣe àìrí ẹ̀rí ló ṣì í lọ́nà. Ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹnikẹ́ni tó ṣáájú rẹ̀ lọ. R. G. Collingwood, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ walẹ̀ àwọn ará Róòmù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́ wa pé ìbéèrè ni í sọ nǹkan di ẹ̀rí. Ohun tí a kò béèrè, ilẹ̀ kì í dáhùn rẹ̀. Frobenius kò béèrè pé, "Ta ló ṣe èyí?" Ohun tó béèrè ni pé, "Níwọ̀n bí kì í ti í ṣe àwọn wọ̀nyí, ta ni?" Ẹni tó bá fi ìbéèrè tirẹ̀ dẹ́kun báyìí kò lè mú ju ẹran tó ti ní lọ́kàn lọ.

Ti Zimbabwe tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìjọba fi agbára ti irọ́ náà lẹ́yìn. Karl Mauch dé ibi odi òkúta ńlá náà ní 1871, ó so ó mọ́ ọbabìnrin Ṣébà. Richard Hall, tí wọ́n fi ṣe alábòójútó ibẹ̀ ní 1902, kó ilẹ̀ tó bo àárín odi náà dànù, ó ní pàǹtí tí àwọn adúláwọ̀ tó dé lẹ́yìn kó síbẹ̀ ni. Ilẹ̀ tó kó dànù yẹn gan-an ni ìwé tó yẹ kí á kà. Ní 1905, David Randall-MacIver fi ẹ̀rí hàn pé ọmọ Áfíríkà ló kọ́ odi náà. Ní 1929, Gertrude Caton-Thompson tún fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àwọn òyìnbó tó ń ṣèjọba Rhodesia kò fẹ́ gbọ́, nítorí pé bí ó bá jẹ́ àwọn baba ńlá onílẹ̀ ló kọ́lé, kí ni àlejò ń fi ilẹ̀ ṣe? Peter Garlake, òṣìṣẹ́ àgbà tó ń bójú tó àwọn ohun ìrántí àtijọ́ lábẹ́ ìjọba náà, fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1970 nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé rẹ̀, Great Zimbabwe, jáde ní 1973. Ibo ni ó wà láàárín ọdún mẹ́ta yẹn? Yunifásítì Ifẹ̀ ni ó wà láti 1971, tó ń wa ilẹ̀ Ifẹ̀. Ẹni tó ti fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ìtumọ̀ lè dá sílẹ̀ láàárín ìlú ló wá bá wa ka àpáàdì.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ Garlake, ẹ jẹ́ kí n fi gbólóhùn díẹ̀ sọ ti àwọn onísáyẹ́ǹsì. Ní 1962, Lewis Binford ní Amẹ́ríkà pè fún ìwalẹ̀pìtàn ọ̀tun: ó ní kí a yéé to ìkòkò jọ bí ẹni to tákàdá, kí a máa wádìí bí àwùjọ ṣe ń bá ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ gbé, kí a sì máa dán àbá wò bí onísáyẹ́ǹsì. Ìpè náà wúlò. Ó kọ́ àwọn awalẹ̀pìtàn láti ka iye, láti wọn nǹkan, láti má sọ ohun tí wọn kò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó tẹ̀ lé e di ẹni tí ń wo ènìyàn bí ẹni pé oúnjẹ àti òjò nìkan ní í darí rẹ̀. Ìyẹn kò lè sọ fún wa ìdí tí ọrùn ìkòkò fi yọ láàárín àgbàlá.

Hodder kúrò lọ́dọ̀ wọn, Áfíríkà ló sì ti rí ohun tó mú un kúrò. Ó lọ sí agbègbè Baringo ní Kenya, láàárín àwọn Tugen, Njemps àti Pokot, láti wo bí ohun ọ̀ṣọ́ àti ohun èlò ṣe ń rìn láàárín ẹ̀yà mẹ́ta tó ń gbé nítòsí ara wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ohun èlò kàn ń bá ènìyàn rìn ni, ibi tí pàṣípààrọ̀ bá ti pọ̀ ni ìyàtọ̀ yóò ti dínkù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yẹtí àwọn obìnrin yàtọ̀ kedere láti ẹ̀yà kan sí èkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pàdé. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ àwọn ọ̀dọ́kùnrin jọra káàkiri, bẹ́ẹ̀ náà ni igbá wàrà tí àwọn obìnrin fín. Ohun tó rí nínú èyí ni pé àwọn àgbà ọkùnrin ń fi ọ̀ṣọ́ ara pààlà láàárín ẹ̀yà, àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn obìnrin sì ń fi ọ̀kọ̀ àti igbá fífín ré ààlà náà kọjá láìfọhùn. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀, Symbols in Action, jáde ní 1982. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ igbá fínfín Ọ̀yọ́ kò ní yà sí i pé igbá lè sọ̀rọ̀. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé Hodder sọ pé igbá lè máa jiyàn: pé ohun èlò kì í kàn ṣe àwòjìji àwùjọ, àti pé ènìyàn lè fi í ti àwùjọ síwá sẹ́yìn. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ agbára, ta ló ní in, ta ló ń bá a du ú, ti wọ inú ìwalẹ̀pìtàn. Michael Shanks àti Christopher Tilley gbé e dé góńgó ní 1987, nínú ìwé méjì tí èdè wọn le ju àpáàdì lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí àgbàlá wa. Ìtàn ìlú Ifẹ̀ sọ pé obìnrin kan tó jẹ Ọọ̀ni, Lúwo, ló pàṣẹ kí a fi àpáàdì tẹ́ ìlú nítorí kí ẹrẹ̀ má baà ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Àwọn mìíràn fi kún un pé àwọn arúfin ló fi iṣẹ́ náà jẹ níyà. Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn ń gbà lo ìtàn yìí, mi ò sì fẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àwọn kan gbà á bí ó ti rí, wọ́n ní ọba kan, ìgbà kan, àṣẹ kan. Èyí kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn àpáàdì títẹ́ náà kì í ṣe ti ìran kan ṣoṣo, wọ́n sì tàn kọjá Ifẹ̀. Àwọn kejì fi ìtàn náà ṣẹ̀sín, wọ́n ní àlọ́ ni. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ìtàn àtẹnudẹ́nu mọ̀ pé ìtàn lè ṣì ní orúkọ kí ó má ṣì ní ọ̀ràn. Ohun tí Lúwo ń rántí ni pé iṣẹ́ yìí ṣòro; pé ẹnì kan ló pàṣẹ rẹ̀, tí àwọn mìíràn sì ṣe é; pé kì í ṣe gbogbo wọn ló fẹ́ ṣe é. Ẹ ronú iye ìkòkò tí a gbọ́dọ̀ fọ́, iye ọwọ́ tí yóò tò wọ́n ní òòró lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àgbàlá kan tó kún. Èyí gan-an ni onímọ̀ àwùjọ ń wá nínú ilẹ̀, ìtàn sì ti sọ ọ́ tipẹ́.

Garlake ní tirẹ̀ wo etí àpáàdì. Ó wa Wóyè Àṣírí láàárín 1972 sí 1973, níbi tí ògiri amọ̀ ti jẹrà tán, tó fi ku ilẹ̀ títẹ́ nìkan. Níbi tí àpáàdì ti dáwọ́ dúró ní ìlà tó gún, ó mọ̀ pé ògiri ló wà níbẹ̀; níbi tó ti ya bí ìdajì òṣùpá, ó rí àyè pẹpẹ amọ̀. Ó wá gbé e lé agboolé tí a ṣì mọ̀, tí ó ní àgbàlá láàárín, tí òjò ń rọ̀ sí. Ọrùn ìkòkò tó yọ láàárín di ojú ibi tí a ń ta ohun mímu sílẹ̀ fún ẹni ìsàlẹ̀. Láfogído, níbi tí Ekpo Eyo ti walẹ̀ ní 1969, tí ó sì bá àwọn orí ẹranko amọ̀ sísun lẹ́bàá ilẹ̀ alápàáàdì, fi ara mọ́ ìtumọ̀ yìí dáadáa. Báyìí ni ohun tí àwọn kan ti pè ní títì ṣe di ilé, tí ilé sì di ojúbọ.

Ohun tó dára jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀, lójú tèmi, wá láti Ilẹ̀ Ọbalára, tí ó wà láàárín 1971 sí 1972. Ó bá ilẹ̀ alápàáàdì níbẹ̀, àti àwọn ère amọ̀ sísun, àti egungun orí ènìyàn tí a kó jọ. Nínú ère wọ̀nyẹn ni a ti rí orí oríṣi méjì: ọ̀kan tó jọ ènìyàn gan-an, pẹ̀lú ojú, ètè àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, èkejì tó ṣóńṣó bí òṣùṣù, tí a kàn fi ihò ṣe ojú àti ẹnu rẹ̀. Kí ó tó dìgbà náà, ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé láti fi oríṣi méjèèjì sí ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: pé iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni òṣóńṣó, tàbí pé ìgbà tí ọwọ́ ti rọ ni. Àbá yìí dùn mọ́ àwọn tó gbà pé iṣẹ́ ọnà tó jọ ènìyàn ló ga jù níbi gbogbo. Ìkòkò kan ló tú u ká. Ní ara ìkòkò náà ni amọ̀kòkò ti ya ojúbọ kan, tí orí mẹ́ta wà nínú rẹ̀: èyí tó jọ ènìyàn wà láàárín, òṣóńṣó méjì wà ní ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Ìgbà kan náà ni wọ́n, pẹpẹ kan náà ni wọ́n jọ jókòó lé.

Àwa onílítíréṣọ̀ mọ irú ẹ̀rí yìí. Ó dà bí ìgbà tí akéwì bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bí a ṣe ń ké ewì nínú ewì. Ará Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ló fi hàn wá bí wọ́n ṣe ń to àwọn orí náà. Ìbéèrè tó kù ni ìdí rẹ̀. Henry Drewal, John Pemberton àti Rowland Abíọ́dún, nínú ìwé Yoruba: Nine Centuries of African Art and Thought tó jáde ní 1989, mú wa lọ sí ọ̀rọ̀ orí: orí òde tí a ń fojú rí, àti orí inú tí kò ní ojú, tí kò ní imú, tó sì jẹ́ òun gan-an ni olórí. Suzanne Blier, nínú ìwé rẹ̀ ti 2015, fi ojú òṣèlú wo àwọn ère Ifẹ̀: ìjà àti ìrẹ́pọ̀ láàárín àwọn ará Ifẹ̀ ìṣáájú àti ìdílé ọba tó dé bá wọn. Èmi fara mọ́ ti orí inú ju èkejì lọ, kì í sì í ṣe nítorí pé ó dùn létí. Ìbọrí tí àwọn baba wa ń bọ, tí a fi awọ rán tí a sì fi owó ẹyọ bò, ṣóńṣó bẹ́ẹ̀ náà. Ìrísí rẹ̀ ti sẹ́ńtúrì 13 tàbí 14 dé ọ̀dọ̀ wa. Ipò rẹ̀ lórí pẹpẹ náà dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan la gbọ́ ní sẹ́ńtúrì 20 tí a sì ń gbé e padà sẹ́yìn ní ẹgbẹ̀ta tàbí ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún, n ó ṣiyèméjì. Ọ̀rọ̀ máa ń yí padà. Ẹni tó bá rò pé gbogbo ohun tí babaláwo kan sọ lónìí ni ará Ifẹ̀ àtijọ́ mọ̀, ó ń gba ìtàn lọ́wọ́ wọn ni, bí Frobenius ti gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ ló fi gbà á.

Ibì kan wà tí n kò ti gbà pẹ̀lú àwọn tó yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa. Ilẹ̀ kì í ṣe ìwé. Bí mo bá ṣi ẹsẹ Ifá kan túmọ̀, ẹsẹ náà kò bàjẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mi yóò tún un kà, yóò sì bá mi wí. Ẹni tó ń wa ilẹ̀ ń ya ojú ewé bí ó ti ń kà á. Ohun tí kò kọ sílẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ní January 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní Wúnmọníjẹ̀, lẹ́yìn ààfin, ló kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Orí wà, ilẹ̀ tó yí wọn ká ti lọ. Nítorí náà ni àríyànjiyàn wọn kò fi tán. Frank Willett wo ihò tó wà ní ọrùn wọn, ó ní ara igi ni wọ́n fi wọ́n kàn mọ́ fún ìsìnkú kejì, bí a ti ń ṣe àkó ní Ọ̀wọ̀. Àwọn mìíràn wo ihò tó yí etí irun wọn ká, wọ́n ní adé ọba ni wọ́n ń gbé lé wọn. Méjèèjì bọ́gbọ́n mu. Kò sí etí àpáàdì kankan tí a lè wò láti yàn láàárín wọn, bí ti Wóyè Àṣírí.

Bẹ́ẹ̀ ni n kò gbà pé sáyẹ́ǹsì àti ìtumọ̀ jẹ́ ọ̀tá. Àwọn ìkòkò onídígí tí Frobenius rí ní Igbó Olókun wà níbẹ̀ fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń sọ pé dígí ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ń yọ́ nínú wọn. Ní 2006 ni James Lankton, Akin Ìgè àti Thilo Rehren yẹ èròjà inú dígí náà wò, tí wọ́n rí i pé kò jọ ti ibòmíràn: ibí ni wọ́n ti ṣe é láti ìpìlẹ̀. Abídèmí Babátúndé Babalọlá wa Igbó Olókun láàárín 2011 sí 2012. Ó kó ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000 àti àfọ́kù ìkòkò ìyọ́dígí tó lé ní 800, tí ọjọ́ orí iṣẹ́ náà bọ́ sí sẹ́ńtúrì 11 sí 15. Ẹ̀rọ ló fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè béèrè fúnra rẹ̀. Ó dìgbà tí ẹnì kan gbà pé ó ṣeé ṣe kí ará Ifẹ̀ mọ dígí ṣe kí a tó lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ibẹ̀ ni ìbéèrè àwùjọ ti tẹ̀ lé e: ọba ń fi ìlẹ̀kẹ̀ jọba, nítorí náà ta ló ni iná tó ń yọ́ dígí?

Mo tún fẹ́ fi ìbéèrè kan kún un, tí ó jẹ́ ti àwọn obìnrin. Ní 1984, Margaret Conkey àti Janet Spector kọ̀wé pé àwọn awalẹ̀pìtàn máa ń rí ọkùnrin nínú ilẹ̀ láìwá a, tí wọn kì í sì í rí obìnrin bí wọn kò bá wá a. Nílẹ̀ Yorùbá, obìnrin ló sábà máa ń mọ ìkòkò. Bí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀ ní Ifẹ̀ àtijọ́, ìkòkò tí wọ́n fọ́ láti fi tẹ́ gbogbo àgbàlá wọ̀nyẹn, ọwọ́ obìnrin ló ti jáde. Lúwo tí ìtàn fi iṣẹ́ náà sí lọ́rùn, obìnrin ni. Ìkòkò Ilẹ̀ Ọbalára tí a gbẹ́kẹ̀ lé láti mọ bí wọ́n ṣe ń to orí lórí pẹpẹ ńkọ́? A ti ń pe ẹni tó yà á ní amọ̀kòkò láti àárọ̀. Ẹni náà mọ inú ojúbọ. Yálà wọ́n jẹ́ kí ó wọlé, tàbí ó yọjú wò ó láti ẹnu ọ̀nà, amọ̀ tútù ló fi sọ ohun tó rí fún wa.